Ẹ má fi ojú caution fee Èkó wo dìpọ́sítì ìlú Ọba

Èrò ọkàn mi rèé o, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ owó ilé ni, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé England, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kàwé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ṣiṣẹ́ care, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó ìyàwó tàbí ọkọ àtàwọn ọmọ dání tẹ́ ẹ ṣì ń sùn sí pálọ̀ ọ̀rẹ́ títí tẹ́ ẹ máa fi rí ilé gbà. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ báyìí pé "ẹ́jẹ́ńtì ní a ò ní san dìpọ́sítì rárá o, owó ọ̀sẹ̀ kan péré la máa san, a ti wọlé nìyẹn." Inú wa á dùn, a ó dúpẹ́, a ó sáìn. Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ wa ni ò ka ìwé yẹn dé ìdí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti owó gidi. Dìpọ́sítì ni owó ìdúró tí lánlọ́ọ̀dù ń gbà nítorí ohun tó bá bàjẹ́ tàbí rẹ́ńtì tó bá ṣẹ́kù, tó sì ń dá padà tẹ́ ẹ bá kó jáde láìsí gbèsè. Láti June 1, 2019 tí Tenant Fees Act, òfin tó de owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England, lánlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ gba dìpọ́sítì tó ju rẹ́ńtì ọ̀sẹ̀ 5 lọ, àfi tí rẹ́ńtì ọdún kan bá tó £50,000 sókè ló tó lè gba ti ọ̀sẹ̀ 6, ilé olówó nìyẹn. Ká ní ilé £1,200 lóṣù lẹ fẹ́ gbà. Ọdún kan ẹ̀ jẹ́ £14,400, ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 52, ó ń lọ sí £277 lọ́sẹ̀ kan, dìpọ́sítì ọ̀sẹ̀ 5 á jẹ́ bíi £1,384. Ẹ wá fi rẹ́ńtì oṣù àkọ́kọ́ lé e, ó ti lé ní £2,500 kẹ́ ẹ tó ra bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ tó ra ìkòkò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó fíísà, tó san owó ìlera tí Home Office ń gbà, tó san owó ọkọ̀ òfuurufú ìdílé odindi, níbo ló ti fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Mo mọ̀ ọ́n lára, mi ò lè bínú sí ẹni tó bá gba ọ̀nà tó rọrùn.

Àmọ́ kí ni ọ̀nà tó rọrùn yẹn? Kọ́ńpìnnì kan ló wà láàárín. Ẹ máa san bíi rẹ́ńtì ọ̀sẹ̀ kan fún wọn, £277 nínú àpẹẹrẹ tiwa, owó yẹn ti lọ, kò ní padà láéláé, bẹ́ ẹ tọ́jú ilé bí ẹyin. Àwọn míì tún máa ń gba owó lọ́dọọdún tẹ́ ẹ bá ṣì wà nínú ilé. Kọ́ńpìnnì yẹn á wá fọkàn lánlọ́ọ̀dù balẹ̀ pé tí ohunkóhun bá bàjẹ́ tàbí tí rẹ́ńtì bá ṣẹ́kù, àwọn máa san án fún un. Ibi tó ti ń dun èèyàn rèé: tí wọ́n bá ti san án tán, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀ wá gba owó wọn. Lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹ̀yin. Gbèsè yín ṣì ni gbèsè yín, tẹ́ ẹ bá sì kọ̀ tẹ́ ẹ ò san, ó lè di ọ̀rọ̀ kóòtù, ìdájọ́ gbèsè kóòtù sì lè wà lórí orúkọ yín fún ọdún 6, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń rò ó pé lọ́jọ́ kan ẹ máa lọ gba mọ́gééjì.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀. Ká ní ẹ kó jáde tí kápẹ́ẹ̀tì ti ya lóòótọ́, £300 ni owó àtúnṣe. Ẹni tó san dìpọ́sítì £1,384 á gba £1,084 padà, £300 ló ná an. Ẹni tó san owó ọ̀sẹ̀ kan á san £300 kan náà, £277 àkọ́kọ́ sì ti wọmi, £577 ló ná an. Tí nǹkankan ò bá bàjẹ́ ńkọ́? Ẹni àkọ́kọ́ gba gbogbo owó ẹ̀, ẹnì kejì ti pàdánù £277. Ẹni tí ò ní owó lọ́wọ́ ló wá ń ná owó jù. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Mo ti ń ronú ẹ̀ pé kí ló dé táwọn èèyàn wa fi ń tètè gbà á, ohun tí mo sì rò ni pé ìlú tá a ti ń bọ̀ ló kọ́ wa. L'Ékòó, tẹ́ ẹ bá ti san rẹ́ńtì, ẹ san agency, ẹ san agreement, ẹ san caution fee, ta ló tún ń ka caution fee mọ́ owó tòun? Tẹ́ ẹ bá ń kó jáde, lánlọ́ọ̀dù á ní òun ti fi kun ilé, òun ti fi tún ṣálángá ṣe, ẹ ò sì ní rí risíìtì kankan. Bẹ́ẹ̀ òfin wà o! Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó tọdún 2011 sọ pé owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́ gbọ́dọ̀ ní risíìtì tiẹ̀ lọ́tọ̀, pé ó kéré tán oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ayálégbé bó ṣe ná an. Èmi ò tíì pàdé ayálégbé kan tí wọ́n fún ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá, torí náà tá a bá dé ibí tí wọ́n ní ká mú £1,384 wá, lọ́kàn wa owó yẹn ti kú, a ó ní ẹ jẹ́ ká kúkú san £277 kó tán síbẹ̀.

Owó yẹn ò kú níbí o. Láti April 6, 2007 ni òfin ti wà ní England àti Wales pé lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fi dìpọ́sítì sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní England mẹ́ta ni wọ́n, Deposit Protection Service, MyDeposits àti Tenancy Deposit Scheme. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fún lánlọ́ọ̀dù láti ṣe é àti láti fún yín ní ìwé tó sọ ibi tí owó wà. Tí ò bá ṣe é, ẹ lè gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù lè ní kó san iye dìpọ́sítì yẹn fún yín ní ìlọ́po kan títí dé ìlọ́po mẹ́ta. Tí ẹ bá kó jáde tí ẹ̀yin àti lánlọ́ọ̀dù ò fẹnu kò, ẹni tí ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni á bá yín dá a lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò nílò lọ́yà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé owó yín ni wọ́n kà á sí, lánlọ́ọ̀dù ló máa mú ẹ̀rí wá pé ó tọ́ sóun, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa mú ẹ̀rí wá pé ẹ ò bà á jẹ́. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín nítorí pé nǹkan gbó bí nǹkan ṣe ń gbó, kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ò lè rí bíi tuntun.

Ọ̀rẹ́ mi kan kó jáde ní Manchester, lánlọ́ọ̀dù ní òun máa yọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn fún kíkun ilé àti ìmọ́tótó. Ọmọbìnrin yẹn ti ya fídíò gbogbo yàrá lọ́jọ́ tó wọlé, títí kan inú oven àti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ètò tí dìpọ́sítì ẹ̀ wà, wọ́n dá a láre, ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀. Ìmọ́tótó yìí gan-an ló máa ń fa ìjà jù, ẹ rántí ẹ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ.

Tí ẹ́jẹ́ńtì bá wá sọ fún yín pé ọ̀nà ọ̀sẹ̀ kan yẹn nìkan ló wà, kì í ṣòótọ́. Òfin ò jẹ́ kí wọ́n fi dandan mú yín, wọ́n lè fi lọ̀ yín ni, ẹ̀yin lẹ máa mú èyí tó wù yín. Ọ̀pọ̀ ẹ́jẹ́ńtì sì ń gba kọmíṣọ́ọ̀nù lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnnì yẹn, ẹ jẹ́ kíyẹn wà lọ́kàn yín tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rín polówó ẹ̀.

Mi ò sọ pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó ń kó láti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tí dìpọ́sítì àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́hùn-ún tí wọn ò tíì dá a padà, tí ilé tuntun ń bèèrè tiẹ̀ lónìí, ó lè gbà á kó má bàa pàdánù ilé. Kó ṣáà mọ̀ pé owó ló fi ra àkókò.

Àwọn ọ̀nà míì wà tí mo fẹ́ ká máa wá kiri ká tó débẹ̀. Àwọn kánsù kan àtàwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan máa ń ṣe onídùúró lórí ìwé, wọn ò fún lánlọ́ọ̀dù lówó, wọ́n fún un ní ìwé pé tí nǹkan bá bàjẹ́ àwọn máa san. Àmọ́ ẹni tí ò nílé tàbí tó fẹ́ di aláìnílé ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún, àwa tí wọ́n kọ "no recourse to public funds" sórí fíísà wa, ìyẹn ni pé a ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba, sì gbọ́dọ̀ bèèrè dáadáa ká tó fọwọ́ sí ohunkóhun tó jẹ mọ́ owó ìjọba, torí ọ̀rọ̀ fíísà kì í ṣe ohun eré. Ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ lọ bá HR. Òfin owó orí gba kí ọ̀gá yá òṣìṣẹ́ lówó tí ò ní èlé, tí gbogbo ohun tó yá a ò bá ti ju £10,000 lọ, wọn ò ní yọ owó orí lórí ẹ̀, wọ́n á máa yọ owó ọ̀hún díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Àwọn NHS trust kan ń ṣe irú ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà láti òkè òkun. Ìbéèrè ò ná wa ní nǹkankan, ojú ló máa ń tì wá. Credit union, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó, náà wà, èlé tiwọn kéré gan-an sí tàwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù.

Àjọ wá wà, àjọ tiwa. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń dá a, ní Peckham, ní Thamesmead, ní Manchester, níbi gbogbo tá a wà. Èèyàn 10, £150 lóṣù kọ̀ọ̀kan, £1,500 nìyẹn, ó ti ju dìpọ́sítì ilé tá a fi ṣàpẹẹrẹ lọ. Alájọ tó láàánú á fi ẹni tó ń wá ilé síwájú, àwọn tó ti ní ilé lórí á ní sùúrù.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa gbọ́ jù rèé. Nítorí pé dìpọ́sítì máa ń padà níbí, a lè fi owó kan náà wọ ilé fún ìdílé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ká ní ẹgbẹ́ kan kó £7,000 jọ, ó ti tó ìdílé márùn-ún. Wọ́n á san án padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún kan, ẹlòmíì á tún gbà á. Òfin gan-an mọ ẹni tó bá bá ayálégbé san dìpọ́sítì, lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fún òun náà ní ìwé ibi tí owó wà, orúkọ ẹgbẹ́ lè wà níbẹ̀, kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ "mo fọkàn tán ẹ" lásán. Kí ló dé tá a lè kó owó jọ fún gbọ̀ngàn àti ankara lọ́dọọdún, tá ò lè kó owó jọ fún ìyẹn? Tọkàntọkàn ni mo fi ń bèèrè.

Ìjọba náà ní tiwọn láti ṣe. Ní Jámánì, dìpọ́sítì lè tó rẹ́ńtì oṣù mẹ́ta láìka owó iná àti ooru, ìyẹn pọ̀, àmọ́ òfin wọn fún ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti san án lẹ́ẹ̀mẹta, oṣù kọ̀ọ̀kan, ìdá kọ̀ọ̀kan. Ní Faransé, ètò kan wà tó ń jẹ́ Visale, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣe onídùúró fún àwọn ọ̀dọ́ tí ò tíì ju ọdún 30 lọ àtàwọn òṣìṣẹ́ kan. England lè ṣe irú ẹ̀. Ní 2019 ẹgbẹ́ Conservative ṣèlérí nínú manifẹ́stò wọn pé dìpọ́sítì ayálégbé á máa bá a lọ láti ilé kan sí òmíràn, a ò rí i. Renters' Rights Act tí wọ́n fọwọ́ sí ní October 27, 2025 ṣe ohun kan tó dáa fún wa gan-an: láti May 1, 2026, lánlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ ní kẹ́ ẹ san ju rẹ́ńtì oṣù kan lọ sílẹ̀, ìtura nìyẹn fún àwa tí wọ́n ti máa ń gba ti oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ wa torí pé a ò ní onídùúró tó jẹ́ ará ibí. Dìpọ́sítì ló kù tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ bá ti ń ṣe irú owó dìpọ́sítì yìí fún ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é fún mi, iye tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ta ló ń tọ́jú owó, kí lẹ ń ṣe tí ẹnì kan ò bá dá a padà lásìkò. Mo fẹ́ gbé e síwájú ẹgbẹ́ tiwa nípàdé tó ń bọ̀.