A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹ̀tù ńkọ́?

Alẹ́ ọjọ́ Túsìdeé, 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, aago mẹ́jọ ò tíì lù. Ẹ̀bà ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nílé wa ní Àgbówó, n'Ìbàdàn, nígbà tí ilẹ̀ mì, tí gíláàsì fèrèsé já bọ́ sórí àga. A rò pé tánkà epo ni. Ọmọ ará ìsàlẹ̀ ń pariwo pé adigunjalè ti dé. Kó tó di òru la gbọ́ pé Bódìjà ni, ní àdúgbò Dejo Oyelese, àti pé kì í ṣe gáàsì ìdáná ló bú. Gómìnà Ṣèyí Mákindé fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Èèyàn 5 kú, àwọn tó fara pa lé ní 70. Ilé tó bàjẹ́, ojú ló rí i.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti la ẹnu, "kí ìjọba ṣòfin líle" ló ń wí. Ẹ jọ̀ọ́, òfin wo ni ò sí? Òfin ohun abúgbàmù ti wà láti 1964, nígbà tí Bódìjà fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ilé tuntun. Ìlànà rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1967. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń rà á yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tí yóò sì yìn ín nídìí òkúta gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Àwọn olùbẹ̀wò kùsà ìjọba àpapọ̀ ló ń bójú tó o. Ẹni tó bá rú u, ẹ̀wọ̀n ń bẹ, owó ìtanràn ń bẹ.

Èmi ò bá ẹ̀wọ̀n jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ gbàwé nìkan ni olùbẹ̀wò mọ̀. Ẹni tí kò gbàwé rí, ta ló fẹ́ yẹ ilé rẹ̀ wò? Dínámáìtì ò sì já bọ́ látojú ọ̀run. Ẹnì kan ló ṣe é, ẹnì kan ló tà á, ẹnì kan ló gbé e wọ̀lú. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ló yẹ kí ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ra páálí àádọ́ta, tó lo ọgbọ̀n, níbo ni ogún tó kù wà? Kí wọ́n kà á lójú rẹ̀, lóṣooṣù. Bí iye ò bá pé, kí wọ́n gbàwé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kú.

Bàbá bàbá mi, ọdẹ ni. Kò níwèé kankan lórí ẹ̀tù rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo agboolé ló mọ ibi tí àdó náà ń gbé kọ́, ọmọdé ò gbọdọ̀ gbé fìtílà dé ibẹ̀. Ní Bódìjà, àwọn aládùúgbò ò mọ nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ìwé nìkan ti tó. Àwọn ológun ló ni ilé ìpamọ́ tó bú ní Ìkẹjà ní 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, èèyàn tó lé ní 1,000 ló bá a lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rì sínú kànáàlì Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Ní Eléyọwó lẹ́bàá Àkúrẹ́ ní 2020, ìjọba ní ọkọ̀ tó ń kó ohun abúgbàmù lọ fún àwọn afọ́kúta ló bú, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Ifẹ̀ ní òkúta ojú ọ̀run ni. Ẹ rò ó wò: ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ti wó, a ṣì ń jiyàn bóyá ọkọ̀ ni tàbí ìràwọ̀.

Bí Kérésì bá sì ti ń súnmọ́lé, ọlọ́pàá á gbé ìkìlọ̀ jáde lórí bánga, wọ́n á máa lé ọmọ ọdún mẹ́wàá kiri. Kò burú o. Bánga máa ń jó ọmọ lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bá àbúrò mi gbafọ́ọ̀mù ilé lọ́wọ́ èjẹ́ńtì. Wọ́n bi í ní ẹ̀sìn rẹ̀, ìlú rẹ̀, iye ọmọ rẹ̀, bóyá ó ń fi sítóòfù dáná, bóyá ó ní ajá. Mo wá bi èjẹ́ńtì pé yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n tì pa yẹn, kí ni ayálégbé tó wà níbẹ̀ kó sínú rẹ̀?

Ó wò mí títí. Ó ní, "Bọ̀dá, ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù."