Kòkòrò Tó Ń Jẹ Ẹ̀fọ́, Ìdí Ẹ̀fọ́ Ló Wà: Ọ̀rọ̀ Lórí Eyín Tó Ń Jẹrà

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà." Bí ìbátan bá ń ba ọ̀rọ̀ ẹni jẹ́ níta, tàbí bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá ń yọ́ owó mú, ìgbà náà la sábà máa ń pa òwe yìí. Eyín ni mo fẹ́ pa á fún. Bí akokoro bá ń dààmú ènìyàn, a máa ń ní kòkòrò ló wọ̀ ọ́ léyín, bí ẹni pé àlejò kan ló ti ìta wọlé. Kì í ṣe àlejò rárá, onílé ni.

Ìdin kankan kò sí nínú eyín. Ẹni tó bá ní òun yọ ìdin jáde lẹ́nu yín, ẹ̀tàn ni. Willoughby Miller, oníṣègùn eyín ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Berlin, ló gbé ìwé jáde ní 1890 tó fi là á yé ayé pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lẹ́nu wa ló ń jẹ ṣúgà àti oúnjẹ tó há sáàárín eyín, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Ásíìdì yìí ló ń yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ihò. Ní 1924, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ J. K. Clarke rí ọ̀kan pàtó nínú wọn nínú eyín tó ti jẹrà, ó sì sọ ọ́ ní Streptococcus mutans. Èérí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, tí èékánná lè họ wálẹ̀ lówùúrọ̀, àwọn ni wọ́n kóra jọ síbẹ̀. Bó ti wù ká fọ ẹnu tó, a kò lè lé wọn tán. Oúnjẹ tí à ń fún wọn ló wà lọ́wọ́ wa.

Ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. A rò pé bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nìkan ni wàhálà, bẹ́ẹ̀ iye ìgbà tó ń kan eyín lójúmọ́ ló ń ṣe ọṣẹ́ jù. Gbàrà tí nǹkan dídùn bá wọ ẹnu ni ásíìdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó sì lè gba itọ́ ní ìṣẹ́jú 20 sí 40, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó borí rẹ̀. Ẹ wo ìyá ọlọ́jà tó ra ìgò mínírà kan ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, tó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ títí di agogo méjì. Ìgò kan péré ni o, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kò sinmi láti àárọ̀. Ẹni tó mu tirẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán ṣe eyín rẹ̀ lóore jù ú lọ. Bíi ti ìyá ọlọ́jà yẹn náà ni awakọ̀ tí tòmtòm kì í kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Òru ló wá burú jù, nítorí itọ́ máa ń dínkù bí a bá sùn. Gàrí oníṣúgà tí a mu kẹ́yìn, tí a sì gba orí ẹní lọ láìfọ ẹnu, òun ni kòkòrò yóò fi ṣe fàájì mọ́jú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgò ògì tàbí tíì oníṣúgà sílẹ̀ lẹ́nu ọmọ títí tí yóò fi sùn.

"Funfun niyì eyín." Àwọn bàbá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ láìtíì run orín. Mo fẹ́ràn orín ata gidi: ẹ ó rún orí rẹ̀ títí yóò fi di fọ́nránfọ́nrán, yóò máa ta yín lẹ́nu, ahọ́n yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé èròjà inú rẹ̀ ń dá kòkòrò lẹ́kun. Ohun tí ọṣẹ ìfọyín fi jù ú lọ ni fulóráìdì, tó ń mú kí ojú eyín le lòdì sí ásíìdì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ràn orín, kó máa run ún láàárọ̀, ṣùgbọ́n kó má fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín ṣeré kó tó sùn. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ọṣẹ náà: fulóráìdì tó jẹ́ 1000 sí 1500 ppm (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kọ bó ṣe pọ̀ tó nínú ọṣẹ) ló dára. Ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ tu ìfófòó rẹ̀ dànù, kí ẹ má fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí fulóráìdì náà lè dúró ṣiṣẹ́.

Eyín kì í tètè ké. Ara rẹ̀ líle tó wà lókè kò ní iṣan tó ń mọ ìrora, nítorí náà nígbà tí yóò fi máa ro yín lóru, ihò náà ti jìn. Ìgbà yẹn ni àwọn kan ń da omi bátìrì, ògógóró tàbí lúbúlúbú oògùn inú kápúsù sínú ihò. Omi bátìrì, ásíìdì ni òun fúnra rẹ̀! Ó ń jó erìgì, ó sì ń jẹ eyín tó kù. Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ibà ń ṣe yín, tí ẹ kò lè gbé itọ́ mì, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, nítorí ó lè dí ọ̀nà èémí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló ká mi lára jù. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín ńlá kan máa ń hù lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé rẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Eyín kankan kò ká kó tó hù, nítorí náà òbí rò pé eyín tí yóò ká ni. Eyín àgbà ni, òmíràn kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹnu ọmọ yín lálẹ́ òní. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ nínú kòtò orí eyín náà, ẹ mú un lọ bá dókítà eyín. Bí kò bá sì tíì sí àmì, ẹ bi dókítà bóyá ó lè fi èròjà dí kòtò náà kí oúnjẹ má baà máa há sí i.