Hub USB Kì í Dá Iná Sílẹ̀, Pípín Ló Ń Pín In

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ihò USB ara hub, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, kò yàtọ̀ sí ti ara kọ̀ǹpútà: bí hub bá ní ihò méje, iná méje ló gbé dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àṣìṣe yìí ló ń mú kí àwọn èèyàn ju hard drive tí nǹkan kan kò ṣe nù, tòun ti fọ́tò àti iṣẹ́ ọdún púpọ̀ inú rẹ̀. Ó ń dùn mí, nítorí ohun tó ṣeé yẹra fún ni.

Ihò USB 2.0 ara kọ̀ǹpútà ń fúnni ní fóltì 5 àti milliampere 500 (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó), ìyẹn wáàtì 2.5. Nígbà tí USB 3.0 dé ní 2008, 500 yẹn di 900. Hub tí kò ní adapter tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba iná fún un láti ara ògiri, kò ní ibòmíì tí iná ń gbà wọlé sí i ju wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lọ. Nínú 500 yẹn, ìlànà USB 2.0 yọ 100 sọ́tọ̀ fún hub fúnra rẹ̀, torí òun náà ń jẹ iná. Ó wá ku 400, tí ihò mẹ́rin yóò pín ní 100, 100. Ẹni tó ṣe ihò méje sára irú hub bẹ́ẹ̀ kàn fi kún igbá ni, omi inú ìkòkò kò lé sí i. Ọ̀pọ̀ hub kì í tilẹ̀ ṣọ́ ìpín yìí. Ẹ̀rọ tó bá fà jù ló ń mu jù.

Mouse àti keyboard lásán kì í sábà jẹ tó 100, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìtànjẹ wà. Ọjọ́ tí ẹ bá wá so hard drive tí àwo inú rẹ̀ ń yí mọ́ ọn ni ọ̀rọ̀ máa ń hàn. Ìgbà tí àwo náà bá fẹ́ gbéra ló ń jẹ iná jù, nígbà mìíràn ju 500 lọ. Bí iná ò bá tó, fóltì á lọ sílẹ̀, àwo á gbìyànjú, á ró kẹ̀, kẹ̀, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á rí i, kò ní pẹ́ tí kò fi ní rí i mọ́. Ẹni tó ni ín á ní ó ti kú. Kò kú o, ebi iná ló ń pa á.

Ẹ yọ ọ́ kúrò lára hub, kí ẹ fi wáyà kúkúrú so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà. Bó bá ṣì ń ró kẹ̀, kẹ̀ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àìsàn wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ má fipá mú un mọ́. Ẹ má sì máa dán an wò léraléra lórí hub, torí bí iná bá já nígbà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, fáìlì lè bàjẹ́.

Hub tó ní adapter sàn jù, àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára adapter náà. Fóltì 5, ampere 2, túmọ̀ sí milliampere 2000. Ihò méje ní 500, 500 jẹ́ 3500. Ẹ rí i pé ìpín náà la tún padà sí. Kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rù pé adapter ńlá yóò jó mouse: bí fóltì bá ti jẹ́ 5, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ bá nílò ló ń fà.

Hub USB-C tí wọ́n kọ wáàtì 100 sí lára ńkọ́? Ohun tó lè gbà kọjá láti ara ṣájà ni wọ́n kọ, kì í ṣe ohun tó ní. Hub á kọ́kọ́ yọ ti ara rẹ̀ àti ti àwọn ihò rẹ̀. Bí ṣájà yín bá jẹ́ wáàtì 65, èyí tó máa dé inú kọ̀ǹpútà alágbèéká yín kò ní tó 65.