Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Kérésì Àwọn Tí Kì Í Lọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọ̀nà kan ò wọjà, ni àwọn àgbà wí. Ẹni tó gba ọ̀nà oko àti ẹni tó gba ọ̀nà odò, àárín ọjà kan náà ni wọ́n ń pàdé. Ìyá kan wá ta ata, òmíràn wá gba owó èsúsú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tí kò ní kọ́bọ̀ lápò, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló wá wò. Oníbodè ayé ijọ́hun pàápàá, owó ibodè ló ń gbà, kì í bèèrè ohun tó wà lọ́kàn èèyàn.

Òwe yìí ni mo máa ń rántí bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwa Yorùbá tó ń gbé Ìlú Ọba bá tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn wa: "Àwọn òyìnbó yìí ò gba Ọlọ́run gbọ́, kí ló wá kàn wọ́n nínú Kérésì?" Ọ̀rọ̀ náà máa ń gbóná sí i tó bá jẹ́ ọmọ ẹni ló kàn, ọmọ tó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò ṣe ẹ̀sìn kankan mọ́, tó tún wá pè lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ máa se jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́dún yìí?"

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021 ní England àti Wales, ìdá 46.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló pe ara wọn ní Kristẹni, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn ò tó ìdajì, ìdá 37.2 ní àwọn ò ní ẹ̀sìn. Síbẹ̀, bó bá di ọjọ́ 25, gbogbo wọn ni ọdún náà ká mọ́lé. Ọkọ̀ ojú irin kì í rìn, òfin ọdún 2004 kò sì jẹ́ kí àwọn ilé ìtajà ńlá ṣí. Ní London, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹni tí iṣẹ́ ti dá sílẹ̀, tí òkùnkùn sì ká mọ́lé láti ìrọ̀lẹ́, kí la fẹ́ kó ṣe? Á wá ẹni tí yóò bá jẹun ni. Ọmọ tó ń gbé Manchester á ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kent ṣáájú ọjọ́ yẹn, wọ́n á dé fìlà oníbébà aláràbarà jókòó ti tòlótòló, tí bàbá àgbà á ní kí wọ́n dákẹ́ kóun gbọ́ ọ̀rọ̀ ọba, èyí tí Ọba George Karùn-ún bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò lọ́dún 1932. Nínú gbogbo èyí, ẹbí ni wọ́n bá wọ ọjà.

Àwọn kan á ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ọjà náà, àlejò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láìgbàṣẹ. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Bíbélì kò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí a ní nípa ọdún náà ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ti ìlú Róòmù ni, ó sì tọ́ka sí ọdún 336. Nígbà tó wá di ọdún 1647, ilé aṣòfin England, tó wà lọ́wọ́ àwọn Puritan, ìyẹn àwọn Kristẹni tó le koko nínú ẹ̀sìn, fòfin de Kérésì pátápátá. Ẹ má sì rò pé aláìgbàgbọ́ làwọn èèyàn yìí o! Wọ́n ń gbàdúrà ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn ò rí i nínú Ìwé Mímọ́, àti pé ọtí àti ijó ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ará Canterbury kò gbà. Ìjà ìgboro ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì ọdún náà gan-an. Ìgbà tí England tún padà sábẹ́ ọba lọ́dún 1660 ni òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ní Scotland, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ọdún 1958 ni ọjọ́ náà tó di ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Nítorí náà, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó le jù nínú ẹ̀sìn ni kò ṣe Kérésì, àwọn tó sì ń jà fún un, mi ò rò pé ìwàásù nìkan ló ń dùn wọ́n.

Ní Japan, níbi tí àwọn Kristẹni kò ti pọ̀ rárá, tí ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ìsinmi ìjọba, KFC ló bẹ̀rẹ̀ ìpolówó ní 1974 tí àwọn èèyàn fi ń tò ra adìyẹ díndín lọ́dún Kérésì títí dòní. Ọ̀nà tiwọn nìyẹn.

Àwa tí a ń bínú yìí náà, ṣé a ti gbàgbé ilé ni? Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ kí Awùjalẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí, regbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tó ń jó kọjá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Kò sẹ́ni tó ní wọ́n ti di Mùsùlùmí. Ẹran Iléyá ń wọ ilé pásítọ̀, ìrẹsì Kérésì ń wọ ilé Ààfáà, ọmọ Ààfáà sì ń bá wọn yin nọ́kaòòtù.

Ẹnì kan á ní báyìí ni Jésù ṣe kúrò nínú ọdún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kan èmi náà, torí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Àmọ́ lójú tèmi, oníṣòwò tó ti ń polówó Kérésì látinú oṣù Kẹwàá ló ṣe é jù, àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni oníbàárà rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi fún ọmọ tí kò ṣe ẹ̀sìn mọ́ ló kù. Torí ká lè jẹran, a kì í pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá. Má ṣe díbọ́n. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, tẹríba fún ọ̀wọ̀ àwọn tó bí ọ, ìyẹn ti tó. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o gbà gbọ́, dáhùn pẹ̀lẹ́, má fi tábìlì oúnjẹ ṣe pápá ìjiyàn.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ jọ̀ọ́, àdúrà orí oúnjẹ kì í ṣe ìsọjí. Mo ti jókòó níbi tí àdúrà ti di òkò tí wọ́n ń sọ lu ọmọ kan ṣoṣo, tí ìrẹsì fi tutù. Níwọ̀n bí kò ti sí ọkọ̀ lọ́jọ́ 25, ọjọ́ 24 ni ọmọ yín máa dé, ẹ tẹ́ ibùsùn fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó fẹ́ bá yín lọ sí ìsìn. Bó bá ní rárá, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣọ́ tòlótòló tó wà nínú ààrò, ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ dúró tì í.