Àṣẹ network nínú RIP kì í ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ráútà máa kéde

Ẹ bi àwọn tó ń fi RIP (ìlànà tí àwọn ráútà fi ń sọ ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ fúnra wọn) sórí ráútà Cisco pé kí ni àṣẹ network wà fún. Ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn ni pé ibẹ̀ la ti ń to àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ráútà máa kéde fáwọn tó kù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ wákàtí ló sì bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Interface, ìyẹn ojú ibi tí ráútà ti ń so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni àṣẹ yẹn ń yàn. Ráútà á mú nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀, á fi wo gbogbo interface tó ní, èyí tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá bọ́ sínú nọ́ńbà náà ni RIP á jí lórí rẹ̀. Tó bá ti jí, á máa fi ìkéde ránṣẹ́ gba ibẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 síra, á máa tẹ́tí sí ìkéde tó bá gba ibẹ̀ wọlé, á sì fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so mọ́ interface náà kún ohun tó ń sọ fáwọn aládùúgbò. Ohun kẹta yìí nìkan làwọn èèyàn rí, wọ́n wá rò pé òun ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo ráútà mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn R1 wà lórí 192.168.10.0/24, tàwọn ti R3 sì wà lórí 192.168.30.0/24. R2 ló wà láàárín: 10.1.12.0/30 so ó mọ́ R1, 10.1.23.0/30 so ó mọ́ R3. Wọ́n ti ṣe R2 àti R3 bó ṣe yẹ. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ á wá dé orí R1, á tẹ:

router rip
version 2
network 192.168.10.0
network 192.168.30.0

Lójú tirẹ̀, ó ti kéde tilé, ó sì ti pe tòkèèrè. Àmọ́ tó bá wo show ip route, ìyẹn tábìlì àwọn ọ̀nà tí ráútà mọ̀, kò ní rí lẹ́tà R kankan, èyí tó máa ń wà níwájú ọ̀nà tó ti ipasẹ̀ RIP wá. Á yẹ wáyà wò, á pa ráútà, á tún un tàn. Kò sóhun tó ṣe wáyà. Interface tí R1 fi ń bá R2 sọ̀rọ̀ ní àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, kò sì tẹ 10.0.0.0 níbì kankan, torí náà RIP ò jí níbẹ̀. Ìlà 192.168.30.0 ńkọ́? R1 ò ní interface tó wà nínú rẹ̀, ìlà náà kàn jókòó lásán ni.

Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú jù ni show ip protocols, àṣẹ tó ń fi bí wọ́n ṣe ṣètò RIP hàn. Lábẹ́ "Routing for Networks", nọ́ńbà méjèèjì wà níbẹ̀ rekete, ọkàn èèyàn á sì balẹ̀. Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ni ráútà ń kà padà fún yín o. Ẹ gbójú sókè díẹ̀ síbi tó to orúkọ àwọn interface sí: GigabitEthernet0/0, èyí tó kọjú sáwọn kọ̀ǹpútà, nìkan lẹ máa bá níbẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀.

Ẹ fi network 10.0.0.0 kún un, kí ẹ sì tan debug ip rip, tó ń fi ìkéde RIP hàn bó ṣe ń wọlé. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i:

RIP: received v2 update from 10.1.12.2 on GigabitEthernet0/1
192.168.30.0/24 via 0.0.0.0 in 2 hops

Ẹ wá lọ wo R2. Ìlà network kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀ ni 10.0.0.0. Kò sí 192.168.30.0 nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, síbẹ̀ òun ló ń kéde rẹ̀ fún R1, torí ó gbọ́ ọ lẹ́nu R3. Tó bá jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ohun tí a óò kéde ni àṣẹ yìí lóòótọ́, báwo ni R2 ṣe rí i sọ?

Mo rò pé orúkọ àṣẹ náà gan-an ló ń ṣini lọ́nà, BGP, ìlànà mìíràn tí àwọn ráútà fi ń kéde ọ̀nà, sì tún dá kún un, torí pé nínú BGP, ohun tí a fẹ́ kéde la fi network ń sọ lóòótọ́. Àwọn tó ti ṣe RIPng, ìyẹn RIP tó wà fún àdírẹ́sì IPv6, kì í sábà ní ìṣòro yìí: kò sí network nínú rẹ̀, orí interface fúnra rẹ̀ lẹ ti máa tan án.

Ẹlòmíràn á tẹ network 10.1.12.0, á wo show run (tó ń fi gbogbo ètò tó wà lórí ráútà hàn), á bá 10.0.0.0 níbẹ̀, ẹ̀rù á bà á. RIP àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìlànà RFC 1058 lọ́dún 1988 kì í gbé mask (nọ́ńbà tó ń sọ apá tó jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú àdírẹ́sì), kíláàsì àdírẹ́sì nìkan ló mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àṣẹ yìí ṣì rí dòní. Nítorí náà, gbogbo interface tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 ló máa jí, títí kan èyí tó kọjú sí kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn. Ẹ má yọ ìlà náà o. Passive-interface lẹ máa fi pa ìkéde tó ń gba ibẹ̀ jáde. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ á ṣì máa dé etí àwọn ráútà tó kù.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi sórí interface tó lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Nínú RIP, interface tó bá jẹ́ passive ò ní sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n á ṣì máa gbọ́. Tí ẹ bá ṣe é sórí GigabitEthernet0/1 ti R1, tábìlì R1 á pé pérépéré, kò sóhun tó máa fi hàn yín pé nǹkan ti bàjẹ́. R2 ni kò ní gbúròó 192.168.10.0 mọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 180 á kọ "possibly down" sí i, tó bá di 240 á pa á rẹ́. Ping, ìyẹn ìdánwò bóyá ọ̀nà já, láti orí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn R1 á dé ọ̀dọ̀ R3, èsì ò ní rọ́nà padà. Torí náà, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ passive-interface, ẹ jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, kó sì jẹ́ orí R2 lẹ ti máa wo show ip route.