Katakata ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ẹ ní ká kàn pààrọ̀ bẹ́rìn? Rárá o

Mo tún gbọ́ ọ lánàá. Ẹnì kan ní katakata òun ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìn, kíá lẹlòmíì ti dá a lóhùn pé kó pààrọ̀ bẹ́rìn kọnrọ́ọ̀dù, kó lọ́ bóòtì ẹ̀ padà, ó parí, kí lèèyàn fẹ́ máa wọn kírańkì fún. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o.

Kírańkì ni irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìn, kọnrọ́ọ̀dù ni apá irin tó so ó mọ́ písítìnì, bẹ́rìn sì ni awẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà láàárín wọn. Tí ẹ́ńjìn bá ń ṣiṣẹ́, kọnrọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ fara kan kírańkì, orí ọ́ìlì ló ń yí. Tí ojú kírańkì, ibi tí kọnrọ́ọ̀dù ti dì í mú, bá jẹ́ 60 mìlímítà níbùú, àyè tí ọ́ìlì yẹn ń gbà ò ju nǹkan bí 0.06 mìlímítà lọ, ẹyọ irun orí kan náà nìyẹn. Tó bá ti fẹ̀ jù, ọ́ìlì á máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, prẹ́ṣọ̀ á wálẹ̀, irin á máa gbá irin. Bẹ́rìn nìkan kọ́ ló sì ń jẹ. Gbogbo ìgbà tí dísù bá gbiná lókè, ojú kan náà ló ń tẹ̀ lára kírańkì, nígbà tó bá yá ohun tó rí roboto tẹ́lẹ̀ á wá rí bí ẹyin. Ẹ wá lọ fi bẹ́rìn tuntun tó rí roboto bo ẹyin, ibì kan á fún, ibì kan á ṣí sílẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mẹkáníìkì tó bá mi tún un ṣe kàn fi ìka ra kírańkì ni, ó ní ó ń dán. A sítáàtì ẹ̀, kò dún mọ́, inú mi dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń túlẹ̀ lọ́wọ́ ni ariwo yẹn padà dé. Èmi fúnra mi ni mo tú sọ́ǹpù, agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìn, lọ́jọ́ náà. Bẹ́rìn ẹlẹ́kẹta, awẹ́ tó wà lápá òkè, àwọ̀ eérú ara ẹ̀ ti bó, bàbà ti yọjú, àpá irin sì ń tàn yinrin nínú ọ́ìlì tó kù. Mo fi maikirómítà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ohun tín-ínrín, wọn kírańkì níbùú, mo tún wọ̀n ọ́n lóròó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ 0.11 mìlímítà. Ó fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì àyè tí ọ́ìlì ní! Ìka wo ló fẹ́ mọ ìyẹn?

Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ rẹ́ irin, ló bá mi rẹ́ ojú kírańkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wálẹ̀ ní 0.25 mìlímítà, mo sì ra bẹ́rìn tó nípọn sí i tó bá a mu, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ḿbà yẹn sí (0.50 àti 0.75 náà wà). Kí n tó dè é pa, mo fi okùn ike tín-ínrín tí wọ́n ń pè ní Plastigage sáàárín, mo dè é, mo tún tú u, mo wo bó ṣe tẹ̀ pẹlẹbẹ tó, torí bó bá ṣe fẹ̀ tó ni àyè ṣe kéré tó. Ìgbà yẹn lọkàn mi tó balẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ń ki pépà sẹ́yìn bẹ́rìn, tẹ́ ń fi fáìlì rẹ́ kápù (ìdérí tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ kọnrọ́ọ̀dù), ẹ jọ̀ọ́ ẹ yéé, ihò ẹ̀ ò ní rí roboto mọ́. Ọ́ìlì tó ki, ariwo ló ń bò mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ó dáa, mo gbà, tí kírańkì bá ṣì wà nínú ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ́ńjìn, bẹ́rìn sítáńdáàdì (ti kírańkì tí wọn ò tíì rẹ́) nìkan á tó. Àmọ́ ìwọ tí tìẹ ń dún báyìí, má tíì ra nǹkan kan. Tú u, wọ̀n ọ́n ná, ìgbà yẹn lo máa mọ nọ́ḿbà bẹ́rìn tó o máa rà.