Ọdún Dé, Ẹ Má Wọlé Wa O

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ wa tó wà ní Lẹ́kì, Ìkẹjà àti Bódìjà kú oríire, àwọn tó ti kó ẹrù kúrò nílé nítorí àṣà tuntun, tí wọ́n sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọdún tí ọdún ò ní wọlé. Kérésìmesì tó kọjá, ilé wọn tòrò minimini. Kò sí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kò sí àpò ìrẹsì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sí ọmọ ará ilé kejì lórí àga. Àga funfun, ògiri funfun, aṣọ fèrèsé láwọ̀ ògì. Bí mo ṣe jókòó ní pálọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ṣe mí bíi pé nọ́ọ̀sì ò ní pẹ́ jáde wá pe orúkọ mi.

Mi ò sọ pé kò dáa. Ó dáa. Ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti igi.

Ẹ ti rí igi yìí, ẹ má díbọ́n. Ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, níbi tó yẹ kí igi Kérésìmesì wà, wọ́n ki ẹ̀ka igi gbígbẹ kan bọ inú ìkòkò amọ̀. Ẹyọ kan. Kò léwé, kò ní iná wíníwíní, kò sí ìràwọ̀ lórí ẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n gbàgbé láti bomi rin ín ni, mo sì ti fẹ́ máa bá wọn kẹ́dùn. Mo na ọwọ́ sí i. "Ańkù, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́ o! Owó ni mo fi rà á." Mo béèrè iye tó rà á. Ó sọ fún mi. Mo padà lọ jókòó.

Owó yẹn á ra ìrẹsì tí ilé kan máa jẹ tọ́dún fi máa lọ. Ìṣẹ́pẹ́ lásán! Ìyá àgbà mi á fi orúnkún ṣẹ́ ẹ sí méjì, á tì í sábẹ́ ìkòkò, ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ò sì ní dúró. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n fi igi Kérésìmesì lé wa lọ́wọ́, igi tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀ nígbà òtútù ni wọ́n yàn, nígbà tí gbogbo igi yòókù ti di ọ̀pá lásán. Nítorí ewé tútù yẹn ni wọ́n ṣe gbé e wọlé. Àwọn tiwa wá rìn kọjá gbogbo igi tútù tó wà nílẹ̀ Yorùbá, ibi tí mángòrò ti ń hu láàárín ààtàn láìsí ẹni tó gbìn ín, wọ́n lọ sanwó fún èyí tó gbẹ. Bó bá di alẹ́, wọ́n á tan iná kékeré kan sí i lẹ́yìn, kí òjìji rẹ̀ lè yọ lára ògiri. Òjìji igi ìdáná, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i, gbogbo wa jókòó, à ń wò ó. Ọmọ wọn ọkùnrin, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, rọra sún mọ́ mi, ó fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ańkù, ta ni wọ́n fẹ́ nà?"

Ẹni tó gbọ́n jù nínú ilé yẹn nìyẹn.

Àga funfun wá ńkọ́, nínú oṣù Kejìlá? Ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti Sàhárà, ó ń gbé eruku bọ̀ láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Eruku yẹn ò mọ àga olówó ńlá yàtọ̀ sí àpótí ìdáná. Ẹ ti fèrèsé, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ta ló ń nu àga láràárọ̀? Kì í ṣe ẹni tó ń kọ ọ́ sórí Instagram pé ọkàn òun balẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tí wọ́n ò jẹ́ kó lọ bá àwọn òbí ẹ̀ ṣọdún. Mo yọjú sí yàrá rẹ̀ nígbà tí mò ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gbogbo ohun tó kúrò ní pálọ̀, ibẹ̀ ló sá sí: kẹ̀kẹ́ ọmọdé, jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ike ẹ̀bùn òde tí wọ́n tẹ fọ́tò ìyá olóògbé kan sí lára, tó ń fi ẹ̀rín wo ọmọ náà bó ṣe ń sùn. Ẹ ò palẹ̀ nǹkan kan mọ́. Ẹ kàn kó ìdọ̀tí yín lé ọmọ ọlọ́mọ lórí ni!

Wọ́n ní Marie Kondo, obìnrin ará Japan tí gbogbo ayé wò lórí Netflix ní 2019, ló kọ́ wọn ní pípalẹ̀ ẹrù mọ́. Òun ló ní kí èèyàn gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kó wò ó bóyá ó ń múnú òun dùn; èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó dágbére fún un. Mi ò bá obìnrin yẹn jà. Ní 2023, nígbà tó ti bímọ mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ sọ fáwọn oníròyìn pé òun ò fi títún ilé ṣe yọra òun lẹ́nu bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tiwa ò tíì gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ti gbé àbúrò ìyá wọn lọ́wọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kò múnú wọn dùn. Ìwé tí wọ́n kọ sí mi lórí WhatsApp lẹ́yìn ìgbà yẹn rèé: "Ẹ kú ìmúra ọdún o, sà. Lọ́dún yìí, a fẹ́ sinmi, a ò ní gba àlejò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá ṣáájú, ẹ má sì kó ọmọdé dání." Èmi! Èmi tí mo gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí sí èjìká lọ wo Bàbá Kérésìmesì, tó tọ̀ sí mi lọ́rùn kí a tó débẹ̀!

Ní Òkè-Àdó tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà n'Íbàdàn, ta ló ń gbàṣẹ kó tó kí èèyàn kú ọdún? Ẹ ó kàn gbọ́ "Àgò onílé o!" ni, onítọ̀hún ti dé ìdí ìkòkò. Àwo ìrẹsì àkọ́kọ́ tó máa ń jáde nílé wa, ti Alájì tó dojú kọ wá ni, torí ẹran Iléyá tiẹ̀ ṣì wà lọ́kàn ìyá mi. Bàbá mi á máa rojọ́ láti àárọ̀ pé nọkáòtù àwọn ọmọ yìí fẹ́ dí òun létí. Bí ilé bá wá dá díẹ̀, á mú àga jáde síwájú ilé, á máa wo títì bóyá ẹnì kan tún ń bọ̀.

Àmọ́ ohun tó ń bí mi nínú jù rèé. Àwọn ẹrù tí kò ráyè ní yàrá ọmọ ọ̀dọ̀, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n wà? Ilé ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n mi, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àga lórí àga, ẹ̀rọ ìfọṣọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí Màmá "bá wọn tọ́jú ẹ̀". Bó bá wá di ọjọ́ 25, tí òórùn ọbẹ̀ ti gba àdúgbò, ọkọ̀ á máa tò síwájú ilé. Àwọn onílé títòrò ti dé! Ní ilé tiwọn, iná ìdáná kì í jó rárá, kí òórùn àlùbọ́sà má bàa wọ aṣọ fèrèsé. Wọ́n á jẹun yó ní ti Màmá, wọ́n á wá máa wo àyíká: "Màmá, ẹrù yín ti pọ̀ jù. Gbogbo abọ́ áìsìkiriìmù yìí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ sọ ọ́ nù, jàre." Kò ní tó wákàtí kan, wọn yóò wà ní kíṣìnnì, wọ́n ń wá abọ́ áìsìkiriìmù tí wọ́n máa fi di ẹran lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì yẹn ni mo máa gbé àga sí. Ẹni tó bá fẹ́ di ẹran lọ Èkó, kó kọ́kọ́ lọ gbé kúlà tó gbé lọ lọ́dún tó kọjá wá fún mi. Pupa ni, ìdérí rẹ̀ sán, orúkọ Màmá wà nídìí ẹ̀.